Omi Kànga Tí Kò Tàn

                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Ìsìkàn,
                                        Àkúrẹ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2017.

Adéṣínà, ọ̀rẹ́ mi tí ó ti di ọmọ ìyá,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Peculiar tí mo gbọ́ pé ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ṣé ara ìyàwó rẹ ti mókun? Báwo ni ọyẹ́ ti Kàdúná? Tiwa níbí ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ètè ṣì ń là, eruku ṣì ń bẹ lórí ohun gbogbo. Mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ yín ti ń dá àwọn ènìyàn dúró. Mo gbà á ládùúrà pé kí ó má kàn ọ́. Ní ti àwa òṣìṣẹ́ ìjọba níbí, a ń jí, a ń wẹ̀, a ń lọ síbi iṣẹ́, a sì ń padà wálé. Kò sí ẹni tí ń bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè nípa owó oṣù mọ́, nítorí ìbéèrè náà ti ń jọ èébú. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kí ọ. Àlàáfíà ni a wà, bí a bá yọ ti inú ọkàn kúrò.

Mo rí i pé o pè mí lórí fóònù, n kò sì gbé e. Má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gé sí wẹ́wẹ́. O mọ̀ mí láti pólì, ohun tí mo bá fẹ́ kí ó dúró, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àdìsá tí ń kó obì lọ sí Kàdúná ti ṣèlérí pé òun fúnra rẹ̀ yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́.

Bísọ́dún àbúrò rẹ ti sọ fún ọ pé èmi ni mo sọ pé májèlé wà nínú kànga bàbá yín. Ìwọ náà sì ti ní kí ó dí i. Típà ti da iyẹ̀pẹ̀ sí iwájú ilé yín, ó ga tó èjìká ènìyàn. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí, kí n tó sọ ìdí rẹ̀: pe Bísọ́dún, kí o sì sọ fún un pé kí ó má da iyẹ̀pẹ̀ yẹn sínú kànga. Májèlé kankan kò sí níbẹ̀. N kò sì fi ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ wa ní Oǹdó. O rántí pé nígbà tí a jọ ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò ní pólì, o máa ń sọ pé ìwé-ẹ̀rí ìgò fífọ̀ ni wọ́n yóò fún wa. Ìgò náà ni mo ṣì ń fọ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, mo bá iṣẹ́ kan pàdé tí ó mú kí inú mi dùn láti wọ bọ́ọ̀sì Oǹdó ní àárọ̀. Èèpo kòkó ni a ń lò, èyí tí àwọn àgbẹ̀ máa ń dà jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà tí kò sí ẹni tí ń béèrè rẹ̀ àfi àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú. A ń sá a, a ń lọ̀ ọ́ kúnná, a ń pò ó mọ́ omi, a sì ń dé e mọ́ inú ìkòkò irin tí a fi bóòtù dè pinpin. Inú ààrò iná mànàmáná ni a ń gbé e sí, kí ó lè gbóná ju omi tí ń hó lọ. Bí iná ìjọba bá lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀. Bí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bàjẹ́ nìyẹn, a ó tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ń jáde nínú ìkòkò náà kò jọ ènìyàn lójú. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú kan ni, bí tíì tí a fi ewé àná pò. A ó sẹ́ ẹ, a ó tún un sẹ́. Ṣùgbọ́n inú omi yẹn ni èédú wà, èédú tí ó wẹ́ débi pé ojú kò rí i, asẹ́ kò dá a dúró, kì í sì í di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìgò. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ náírà wò bóyá ayédèrú ni, omi rẹ́súrẹ́sú náà tàn. Ó tàn ní búlúù, bí iná gáàsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí. O mọ̀ pé n kì í pariwo. Mo kàn fa àga, mo jókòó, mo sì ń wò ó.

Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìwà rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ààrò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sún kúrò ní búlúù, á máa lọ sí àwọ̀ ewé. A fi iyọ̀ sí i, kò mira. A gbé e sínú fíríìjì, a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di ìgbà òjò, ó ṣì ń tàn. Oríṣiríṣi nǹkan ni a rò mọ́ ọn tí kò kà sí. Àfi irin. Bí irin tí ó ti dógùn-ún bá kan omi náà díẹ̀ báyìí, yóò lọ so mọ́ ara èédú wẹ́wẹ́ yẹn, yóò sì gba agbára tí ì bá fi tàn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò kú. Nípa bẹ́ẹ̀, a lè fi mọ̀ bóyá irin wà nínú omi kan tàbí kò sí. Irin nìkan, Adéṣínà. Kò mọ májèlé, kò mọ àrùn, kò mọ ìdọ̀tí. Omi tí ìgbẹ́ ti ṣàn sí yóò tàn gbòò lójú rẹ̀ bí kò bá ti ní irin nínú. Fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Olórí ẹ̀ka wa, Dókítà Adélaní, ni ó sọ pé a gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ náà tọ àwọn ará ìlú lọ. Àwọn àlejò kan ń bọ̀ wá wo ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó sì fẹ́ ní fọ́tò tí yóò fi hàn wọ́n. Èmi ni mo ní Ìsìkàn ni mo ń gbé, pé pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi fẹ̀ tó. Ó ṣe bánà ńlá kan. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ nìyí, bí ó ti wà gan-an: OMI IMOLE. E GBE OMI YIN WA KI E WA RI OTITO.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a fi àmì ohùn sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Oyè, ta ni ń ka àmì? Ṣé kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ni? Wọ́n á mọ̀ ọ́n kà."

Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo ni Dókítà Adélaní. Kò mọ̀ pé "ìmọ́lẹ̀" tí olùkọ́ kọ́ wa ní ilé-ìwé, "ù" ni ìyá wa fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ilé. Bí a bá sì ti ká àmì kúrò lórí rẹ̀ tán, kí ni ó kù tí yóò ya ìmọ́lẹ̀ tí fìtílà ń tàn sọ́tọ̀ kúrò lára umọlẹ̀ tí àwọn bàbá ńlá wa ń bọ? Kí a tó gbé tábìlì kalẹ̀ ní pápá, mo ti gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń bi ara wọn pé ta ni ilé-ẹ̀kọ́ Oǹdó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé omi umọlẹ̀ wá sí Àkúrẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní ìyẹn náà dára, pé èrò yóò pọ̀.

Èrò sì pọ̀. Màmá yín wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé. Ó gbé omi kànga yín wá nínú ìgò mínírà tí ó ti fi kànìnkànìn fọ̀ mọ́ tónítóní, ó wọ aṣọ tí ó fi ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń fi mí han gbogbo ènìyàn. "Ọmọ mi ni ó ṣe é o. Òun àti Ṣínà mi ni wọ́n jọ dàgbà." N kò lè gbàgbé ìyẹn.

Dókítà Adélaní ń bu omi ìmọ́lẹ̀ sínú ife dígí, ó ń da omi oníkálukú lé e, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọ̀kan tàn, èrò pàtẹ́wọ́. Òmíràn tàn, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Jíbọ́lá tí ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta, ẹni tí irú tọ́ọ̀ṣì yẹn kì í kúrò ní àpò rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní, "Orígínà!" Láti ìgbà náà, bí omi kan bá ti tàn, gbogbo pápá á hó: "Orígínà!" Nígbà náà ni ó yé mi pé a ti ṣì wọ́n lọ́nà. Ojú náírà ni wọ́n fi ń wo omi. Èyí tí ó bá tàn, ojúlówó ni. Èyí tí kò bá tàn ńkọ́? Mo rìn lọ bá ọ̀gá mi, mo sọ sí i létí pé kí ó jẹ́ kí a dúró díẹ̀, kí a ṣàlàyé pé irin nìkan ni èyí ń wá. Ó fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn jẹ́jẹ́ nítorí ẹni tí ń ya fọ́tò. "Oyè, àlàyé pọ̀ jù lẹ́nu rẹ. Kí wọ́n rí i ná."

Omi kànga ojúlé kejì sí tiyín, èyí tí a gbẹ́ sí ìdí ṣáláńgá, tàn jù lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé baálé ilé náà sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kan Màmá. Dókítà da omi rẹ̀ sínú ife, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ife náà sì ṣú bí ìgbà tí a fẹ́ fìtílà pa. Jíbọ́lá bá na ìka sí i: "Háà! Fèèkì! Omi Màmá Ṣínà, fèèkì ni o!" Ẹ̀rín sọ. Màmá pàápàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Mo kígbe pé, "Irin ni! Irin lásán ni!" Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá mi ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. Àwọn tí ó gbọ́ mi kò gbọ́ ọ bí mo ti sọ ọ́. Àgbàlagbà kan mi orí, ó ní, "Irin kẹ̀? Ògún nìyẹn. Umọlẹ̀ ti tú àṣírí ohun tí ó wà nínú kànga yẹn." Dókítà Adélaní ní sáyẹ́ǹsì kì í parọ́, ó sì nawọ́ gba ìgò tí ó tẹ̀ lé e.

Adéṣínà, ìwọ àti èmi ni a mọ ibi tí irin náà ti wá. Nígbà tí bàbá yín gbẹ́ kànga yẹn, sìmẹ́ńtì kò ṣeé fọwọ́ kàn, ó sì fi dúrọ́ọ̀mù irin tí a gé ìdí rẹ̀ ṣe ọrùn kànga. Àwa méjèèjì ni a yí dúrọ́ọ̀mù yẹn wá láti ilé mẹkáníìkì, tí o ń fò lé e lórí títí ó fi gbé ọ ṣubú. Ìpẹtà ara dúrọ́ọ̀mù yẹn ni ó ń wọ inú omi náà. Òun náà ni ó ń pọ́n aṣọ funfun yín lára láti kékeré. A mu ún dàgbà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó ra ògì lọ́wọ́ Màmá. Ṣùkúrátù alákàrà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, tí ó jẹ́ pé ògì Màmá ni ó máa ń mú lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti dé Àkúrẹ́, gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí ojú wọn má bàa pàdé. Àgbàdo tí a rẹ kan, ó sì kẹ̀ nínú ìkòkò. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n máa ń wá pọn omi kò wá mọ́. Wọ́n ní omi tí ó pa ìmọ́lẹ̀, kí ni yóò ṣe sí inú ọmọ ènìyàn?

Mo tọ ọ̀gá mi lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a padà lọ sí Ìsìkàn, kí òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé.

Ó ní, "Oyè, fọ́tò ti jáde. Kí ni kí n tún lọ sọ? Pé nǹkan tí a ṣe kò ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ó ṣiṣẹ́, sà. A kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni."

Ó ní, "Tèmi ni pé ó ṣiṣẹ́." Ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Nítorí náà, èmi nìkan lọ. Ohun kan wà nínú ìwà omi ìmọ́lẹ̀ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Bí irin bá ti pa á, fáítámìn C lè jí i, àní èyí tí àwọn ọmọdé ń lá bíi súìtì. Yóò yí ìwà irin náà padà, irin yóò sì tú èédú sílẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá rí i pé kóró tí a ń fún ọmọ ọwọ́ jẹ ni ó ṣẹ́gun ohun tí ó wà nínú omi náà, wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Mo pè wọ́n jọ sí iwájú ilé yín ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé omi ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú ife dígí, mo sọ̀rọ̀ irin, mo sọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù, mo lo Yorùbá tí ó mọ́ jù lọ tí mo ní. Mo da omi kànga sí i, ó kú. Mo lọ kóró fáítámìn náà, mo dà á sínú rẹ̀, mo rò ó, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Díẹ̀díẹ̀ ni búlúù náà ń padà bọ̀.

Jíbọ́lá fò sókè. "Ó jí! Ó ti jí o!"

Àgbàlagbà ọjọ́sí ní, "Wọ́n ti gbà á. Ẹbọ ti fín."

Ṣùkúrátù, tí èmi rò pé ìmàle òdodo ni, tí kò ní í dá sí ọ̀rọ̀ umọlẹ̀, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Alihamudu lilahi! Màmá, ẹ ṣáà máa ju kóró funfun yẹn sínú kànga láràárọ̀. Bí a bá ti rí i tí ẹ jù ú, a ó máa rà."

Màmá jókòó lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu kànga. Ó ní, "Kí ni mo ṣe tí a ó fi máa wẹ kànga mi? Ṣùkúrá, ògì tí o jẹ ní oṣù tí ó kọjá, ta ni ó ju kóró sí i? Ẹni tí kò bá lè mu ún bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ó má mu ún." Ó kọ̀. Ó kọ̀ fún wọn pátápátá, wọ́n sì bínú lọ, wọ́n ní ìgbéraga ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bísọ́dún pè ọ́, tí ìwọ, láìbi ìyá rẹ léèrè ọ̀rọ̀ kan, fi ní kí ó lọ ra iyẹ̀pẹ̀. Má jẹ́ kí n sọ bí ìyẹn ti dùn mí tó. Omi yẹn ni a fi wẹ̀ ọ́ nígbà tí ìgbóná mú ọ. Láti ọjọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ ti dé, Màmá kì í kúrò lẹ́nu kànga títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, yọ dúrọ́ọ̀mù, kí o fi ríǹgì sìmẹ́ńtì dípò rẹ̀. Bí o bá dí i, o ti fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìyá rẹ nìyẹn.

Ohun kan kù tí n kò fẹ́ kọ. Mo ti ká lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀kan, mo tún tú u.

Nígbà tí èrò túká ní Sátidé yẹn, èmi àti Màmá nìkan ni ó kù, àti Jíbọ́lá tí ó fara ti ògiri. Màmá fa omi láti inú kànga, ó bù ú sínú ife, ó gbé e fún mi. Adéṣínà, èmi ni mo ṣe omi ìmọ́lẹ̀ náà. Èmi ni mo mọ ohun tí ó ń sọ àti ohun tí kò lè sọ. Mo gba ife náà, mo sì ṣẹ́jú wo inú rẹ̀ kí n tó gbé e sẹ́nu. Kò pẹ́. Bóyá Jíbọ́lá kò tilẹ̀ rí i.

Màmá rí i. Ó ní, "Ùwọ náà wò ó, Oyè." Ó sì yí ojú sí kànga rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kí i, ó ń dáhùn bí a ti ń dá àlejò lóhùn. Pe Bísọ́dún. Bí o bá ti pè é tán, pe Màmá, má dárúkọ mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì sọ fún Peculiar pé kí ó máa fi àmì sórí Yorùbá rẹ̀ bí ó bá ń kọ ọ́. Kí ilẹ̀ Kàdúná rọ̀ yín lọ́rùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ó mu omi náà tán,

Oyèníyì.